David, ọmọ tó fi ọdún 12 gbé inú ilé ike

Ìtàn tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ti olóṣèlú, kì í sì í ṣe ti olórin. Ti ọmọdé kan ni. Ọdún 12 àti oṣù márùn-ún péré ló lò láyé, ìlú òyìnbó ló ti lò ó, ó sì ti lé ní 40 ọdún tó ti kú. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá kà á dé ìparí, ẹ máa rí i pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò jìnnà sí Òkè-Àrò ní Àkúrẹ́, kò sì jìnnà sí Yaba ní Oǹdó.

David lorúkọ rẹ̀. Nígbà ayé rẹ̀, àwòrán rẹ̀ wà nínú ìwé ìròyìn àti lórí tẹlifíṣọ̀n káàkiri àgbáyé, ṣùgbọ́n David nìkan ni wọ́n ń pè é. Àwọn òbí rẹ̀ fi orúkọ ìdílé wọn pamọ́ kí àwọn oníròyìn má baà gba ilé mọ́ wọn lọ́wọ́. Ó tó nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn tí ọmọ náà ti kú kí aráyé tó gbọ́ pé David Vetter ló ń jẹ́.

Ẹ̀gbọ́n tó kọ́kọ́ lọ

Texas, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ni tọkọtaya Vetter ń gbé. Katherine ni ọmọbìnrin wọn, ara rẹ̀ sì le koko. Lọ́dún 1970, wọ́n bí ọmọkùnrin kan, orúkọ bàbá rẹ̀ gan-an ni wọ́n sì sọ ọ́. Àìsàn ò jẹ́ kí ọmọ yẹn gbádùn. Nígbà tó pé oṣù méje, ó kú.

Ká ní ọ̀dọ̀ tiwa ni, ẹ mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní àbíkú ni. Wọ́n á ní kí ọkọ lọ wádìí ilé tí ìyàwó rẹ̀ ti wá. Ìwádìí wà lóòótọ́ ní Houston, ṣùgbọ́n inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà ni àwọn dókítà ti ṣe é. Ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ ni àìsàn tí wọ́n ń pè ní SCID.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ ní ṣókí. Ara èèyàn ní àwọn ọmọ ogun tirẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn ló ń bá kòkòrò àrùn jà lójoojúmọ́ láìjẹ́ pé a mọ̀. Inú mùdùnmúdùn eegun ni wọ́n ti ń bí wọn. Ọmọ tí wọ́n bá bí pẹ̀lú SCID ò ní àwọn ọmọ ogun yìí, tàbí kó jẹ́ pé àwọn tó ní ò wúlò fún nǹkan kan. Ẹ wò ó bíi pé ẹ dé bárékè Owena ní Àkúrẹ́ lọ́jọ́ kan, géètì wà, ilé wà, àmọ́ ṣọ́jà kan ṣoṣo ò sí níbẹ̀. Olè kékeré tí ẹnikẹ́ni lè lé lọ á wọlé, á sì ṣe ohun tó wù ú. Òtútù tó máa ṣe ọmọ ẹlòmíì fún ọjọ́ mẹ́ta, tó sì máa lọ, ó lè pa ọmọ SCID.

Ohun tó tún wá burú níbẹ̀ ni pé àìsàn yìí kì í hàn lójú ọmọ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Ọmọ á ké, á mu ọmú, ìwọ̀n rẹ̀ á pé. Nígbà tí ọmọ wà nínú, ìyá rẹ̀ ti fún un ní díẹ̀ lára agbára ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀, ìyẹn ló ń bo àṣírí fún oṣù mélòó kan. Tí èyí tí ìyá fún un bá ti ń tán lọ, wàhálà á dé.

Àwọn dókítà sọ fún tọkọtaya náà pé irú SCID tó wà nínú ẹbí wọn, ọmọkùnrin ló ń mú, àti pé tí wọ́n bá tún bí ọkùnrin, bíi kéèyàn ju kọ́bọ̀ sókè ni: ó lè ní in, ó lè má ní in.

Ìṣẹ́jú àáyá 20

Wọ́n ṣì fẹ́ ọmọ. Àwọn dókítà mẹ́ta ní Houston, John Montgomery, Mary Ann South àti Raphael Wilson, wá gbé ètò kan kalẹ̀. Wọ́n ní tí ọmọ tó ń bọ̀ bá jẹ́ ọkùnrin, àwọn máa gbà á sínú àpótí ike kan tí kòkòrò kankan ò sí nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ló máa wà títí tí wọ́n á fi gba mùdùnmúdùn eegun lára Katherine, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kí wọ́n sì fi sí i lára. Tí ti ẹ̀gbọ́n bá bá ti àbúrò mu, àwọn ọmọ ogun tuntun á bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú, ọmọ á sì jáde. Kì í ṣe àlá lásán ni wọ́n ń lá o. Lọ́dún 1968, dókítà kan tó ń jẹ́ Robert Good ti ṣe irú ẹ̀ fún ọmọ kan ní Minnesota, mùdùnmúdùn ẹ̀gbọ́n ọmọ náà obìnrin ló sì lò. Ọmọ yẹn yè.

Ìyàwó lóyún. Àyẹ̀wò fi hàn pé ọkùnrin ni. Bóyá àìsàn náà wà lára rẹ̀, kò sí ọ̀nà láti mọ̀ nígbà yẹn àfi tí wọ́n bá bí i tán.

Ní ọjọ́ 21, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1971, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ìyá, wọ́n sì gbé David jáde. Kò tó ìṣẹ́jú àáyá 20 tó fi lò níta. Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n gbé e wọnú ike. Ìyá rẹ̀ ò fẹnu kò ó lẹ́nu. Ijọ Àgùdà làwọn òbí rẹ̀ ń lọ, omi tí wọ́n sì fi ṣe ìrìbọmi fún un, wọ́n kọ́kọ́ pa gbogbo kòkòrò inú rẹ̀ ná.

Àyẹ̀wò jáde. David ní SCID. Wọ́n yẹ ti Katherine wò, mùdùnmúdùn rẹ̀ ò bá ti àbúrò rẹ̀ mu.

Báyìí ni ohun tí wọ́n rò pé á jẹ́ fún ìgbà díẹ̀ ṣe di ilé ayé ọmọ náà. Wọ́n ti ṣílẹ̀kùn fún un wọlé, kò wá sí ẹni tó mọ bó ṣe máa jáde.

Ayé inú ike

Ohun tó bá máa wọ ọ̀dọ̀ David, ìyà máa jẹ ẹ́ kó tó débẹ̀. Oúnjẹ, omi, aṣọ, ìlédìí, bèbí ìṣeré, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń fọ̀ mọ́ kúrò lọ́wọ́ kòkòrò. Àwọn nǹkan mìíràn, wọ́n á kó wọn sínú yàrá kékeré tó kún fún afẹ́fẹ́ olóró tí wọ́n ń pè ní ethylene oxide, ó máa gbóná tó ìwọ̀n 60 lórí ìwọ̀n Celsius, wọ́n á sì wà níbẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá fẹ́ atẹ́gùn sí wọn, láti ọjọ́ kan títí dé ọ̀sẹ̀ kan, kí oró yẹn lè kúrò. Ẹ rò ó wò: ọmọ ń sunkún pé òun fẹ́ bèbí, bèbí ọ̀hún ṣì wà lójú ọ̀nà fún odidi ọ̀sẹ̀.

Ìbọ̀wọ́ ike dúdú kan wà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri àpótí náà. Inú rẹ̀ ni ìyá, bàbá, ẹ̀gbọ́n àti nọ́ọ̀sì ń ki ọwọ́ bọ̀ tí wọ́n bá fẹ́ gbé e, tí wọ́n bá fẹ́ wẹ̀ ẹ́, tí wọ́n bá fẹ́ rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ilé ike náà kì í dákẹ́, ariwo rẹ̀ bíi ti jẹnẹrétọ̀ ilé onílé ni, èèyàn á fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo kí David tó gbọ́ ohun tí wọ́n ń bá a sọ.

Bó ṣe ń dàgbà, wọ́n ń mú ilé náà fẹ̀. Nígbà tó pé ọdún mẹ́ta, wọ́n kọ́ òmíràn sílé àwọn òbí rẹ̀, wọ́n sì ṣe kékeré kan tí wọ́n fi ń gbé e láti ọsibítù lọ sílé, kó lè máa lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ́dọ̀ wọn. Níbẹ̀ ló ti ń wo tẹlifíṣọ̀n, níbẹ̀ ló ti ń kàwé, níbẹ̀ ni òun àti Katherine ti ń ṣeré tí wọ́n sì ń jà bí tẹ̀gbọ́n tàbúrò. Nígbà tí fíìmù Return of the Jedi jáde lọ́dún 1983, wọ́n ṣètò kí ilé sinimá kan ládùúgbò wọn gbé e fún un lọ́tọ̀, inú àpótí ìrìn àjò rẹ̀ ló jókòó sí tó fi wò ó.

Ọmọ tó ní làákàyè ni. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin, abẹ́rẹ́ kan tí wọ́n gbàgbé sílẹ̀ nínú àpótí bọ́ sí i lọ́wọ́, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi lu ike náà. Ẹ̀rù ba gbogbo wọn. Ọjọ́ yẹn ló di dandan kí wọ́n ṣàlàyé fún un ohun tí kòkòrò àrùn jẹ́, àti ìdí tóun ò fi lè jáde bíi ti àwọn tó ń wò láti ojú fèrèsé. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni wọ́n sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún.

Bó ṣe ń gorí ọdún, inú ń bí i sí i. Ọmọ tí gbogbo ayé ń yà ní fọ́tò, tí wọ́n ń ní kó rẹ́rìn-ín, ó ń ronú lóru. Mary Murphy, onímọ̀ nípa ọkàn ẹ̀dá tó wà pẹ̀lú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, mọ̀ pé ìbínú wà nínú rẹ̀ tí kì í hàn nínú àwòrán. Ó mọ̀ pé òun ò yan ilé yìí, àwọn àgbà ló yàn án fún òun.

Aṣọ NASA

Lọ́dún 1977, àjọ NASA, àwọn tó ń gbé èèyàn lọ sí òṣùpá, rán aṣọ kan fún un. Wọ́n fi ọ̀já gígùn kan tó ihò so aṣọ náà mọ́ ilé ike rẹ̀, inú ọ̀já yẹn ló máa gbà kọjá wọnú aṣọ láìfara kan afẹ́fẹ́ ìta. Owó aṣọ náà tó $50,000 nígbà náà. Ẹ̀rù kọ́kọ́ ba David. Nígbà tó yá, ó wọ̀ ọ́, ó jáde, ó rin orí ilẹ̀, ìyá rẹ̀ sì gbé e mọ́ra fún ìgbà àkọ́kọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé aṣọ wà láàárín wọn.

Ìgbà méje péré ló lò ó. Ó dàgbà ju aṣọ náà lọ. Wọ́n tún rán òmíràn tó tóbi sí i, David ò wọ̀ ọ́ rárá.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ máa fi parí, owó tí wọ́n ná sórí ìtọ́jú rẹ̀ ti tó nǹkan bíi $1.3 mílíọ̀nù. Àwọn èèyàn ti ń béèrè pé ṣé ó tọ́ kí wọ́n bí ọmọ sínú irú nǹkan báyìí. Àwọn kan ní àwọn dókítà fi ọmọ ọlọ́mọ dánra wò. Àwọn mìíràn ní kí ni kí òbí ṣe, kí wọ́n gbé e jáde kó kú ni? Èmi ò rò pé ìbéèrè yẹn ní ìdáhùn tó rọrùn. Ohun tó dá mi lójú ni pé àwọn òbí rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀, àwọn dókítà náà sì gbà gbọ́ pé ìwòsàn máa tètè dé. Ìwòsàn náà ò tètè dé.

Mùdùnmúdùn ẹ̀gbọ́n

Dókítà William Shearer ló ń tọ́jú rẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn ti àkọ́kọ́ ti lọ síbòmíràn. Ní bíi 1982 sí 1983, ọ̀nà tuntun kan yọ. Wọ́n ti rí bí wọ́n ṣe lè yọ àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń fa ìjà kúrò nínú mùdùnmúdùn, débi pé kò di dandan mọ́ kí ti olùfúnni bá ti aláìsàn mu délẹ̀délẹ̀. Ìdílé náà jókòó sọ ọ́, David náà sì gbà.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1983, wọ́n fa mùdùnmúdùn lára Katherine, wọ́n gbé e lọ sí Boston kí wọ́n lè ṣètò rẹ̀, wọ́n sì gbé e padà wá sí Texas. Ní ọjọ́ 21 oṣù náà, ó wọ ara David láti inú ike. Kò sí wàhálà. Ara rẹ̀ ò kọ̀ ọ́, èyí tí wọ́n sì fi sí i ò bá a jà. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, ìrètí ń pọ̀.

Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, àìsàn dé. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí David máa ṣàìsàn gidi láyé rẹ̀. Ibà ń mú un, ó ń bì, ó ń yàgbẹ́ gbuuru, ẹ̀jẹ̀ ń dà nínú ìfun rẹ̀. Wọn ò lè tọ́jú rẹ̀ dáadáa nínú ike mọ́. Ní ọjọ́ keje, oṣù kejì, ọdún 1984, wọ́n gbé e jáde.

Ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ lásán kàn án, ó sì fẹnu kò ó lẹ́nu. Ọdún 12 ló fi dúró de ọjọ́ yẹn.

Ọjọ́ 15 lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 22, oṣù kejì, ọdún 1984, David kú.

Ohun tí ikú rẹ̀ fi hàn

Nígbà tí wọ́n yẹ òkú rẹ̀ wò, jẹjẹrẹ ló kún inú rẹ̀, kókó kéékèèké tí kò lóǹkà. Fáírọ́ọ̀sì kan ló fà á, Epstein-Barr lorúkọ rẹ̀. Ó ti sá pamọ́ sínú mùdùnmúdùn Katherine, àyẹ̀wò ìgbà yẹn ò sì lè rí i. Fáírọ́ọ̀sì yìí wà lára èyí tó pọ̀ jù nínú wa tó ń ka ìròyìn yìí. Kì í sábà ṣe wá ní nǹkan kan, torí pé àwọn ọmọ ogun ara wa ń ṣọ́ ọ. David ò ní ẹni tó máa bá a ṣọ́ ọ.

Ilẹ̀ Áfíríkà náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí o. Ara àìsàn àwọn ọmọ wa ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí fáírọ́ọ̀sì náà. Lọ́dún 1958, Denis Burkitt tó ń ṣiṣẹ́ abẹ ní Uganda kọ̀wé nípa jẹjẹrẹ kan tó ń wú àwọn ọmọdé lẹ́rẹ̀kẹ́. UCH Ìbàdàn náà tọ́jú ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní in. Nígbà tó di 1964, àwọn onímọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù rí fáírọ́ọ̀sì yìí nínú irú kókó bẹ́ẹ̀. Ikú David ló wá jẹ́ kí wọ́n rí i kedere bí fáírọ́ọ̀sì ṣe lè di jẹjẹrẹ nínú ara tí kò ní ààbò.

Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n tọ́jú náà ṣiṣẹ́. Lọ́dún 1993, àwọn onímọ̀ rí jíìnì tó bà jẹ́ nínú irú SCID tó pa á, IL2RG ni wọ́n ń pè é. Láti ìgbà náà, àyẹ̀wò lè sọ fún ìyá kan bóyá ó gbé e. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí ọ̀nà láti fi ìkán ẹ̀jẹ̀ kan láti gìgísẹ̀ ọmọ tuntun mọ̀ bóyá ó ní SCID, kó tó ṣàìsàn rárá. Ìpínlẹ̀ Wisconsin ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fún gbogbo ọmọ tuntun lọ́dún 2008. Nígbà tó fi máa di ìparí 2018, gbogbo ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà ti ń ṣe é. Ọmọ tí wọ́n bá tètè mọ̀, tí wọ́n sì fún ní mùdùnmúdùn kó tó pé oṣù mẹ́rin, ju 90 nínú 100 wọn ló ń yè. Ọmọ irú David tí wọ́n bí lónìí ní Houston ò ní gbé inú ike mọ́.

Tó bá jẹ́ Àkúrẹ́ tàbí Oǹdó ńkọ́?

Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà fi hàn pé nínú ọmọ 58,000 tí wọ́n bá bí, ẹyọ kan ń ní SCID. Ní Nàìjíríà, ọmọ tí à ń bí lọ́dún ò dín ní mílíọ̀nù méje. Tí ìṣirò yẹn bá bá tiwa mu, ọmọ bíi 120 nìyẹn lọ́dọọdún. Níbo ni wọ́n wà? A sin wọ́n. Òtútù àyà la kọ síwèé, tàbí ìgbẹ́ gbuuru, tàbí ká má tilẹ̀ kọ nǹkan kan, ká kàn sọ pé àbíkú ni.

Ẹ má bínú sí àwọn baba wa. Wọ́n rí i lóòótọ́ pé àwọn ilé kan wà tí ọmọ ń kú tẹ̀ léra, ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n máa sọ ọmọ ní Málọmọ́, Dúrójayé, Kòkúmọ́. Ojú wọn ríran. Ohun tí wọn ò ní ni àyẹ̀wò. Lónìí, gbogbo wa mọ̀ pé èyí tó pọ̀ lára ohun tí wọ́n ń pè ní àbíkú, SS ni. Kò sí ọ̀dọ́ tó fẹ́ ṣègbéyàwó báyìí ní Alágbàká tí wọn ò ní béèrè genotype lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n SS nìkan kọ́ ló ń gba inú ẹ̀jẹ̀ wọlé.

Àwọn irú SCID kan wà tó dà bíi SS, bàbá àti ìyá ló jọ ń gbé e wá. Irú ti David yàtọ̀. Orí X ni jíìnì tó bà jẹ́ náà wà. Obìnrin ní X méjì, tí ọ̀kan bá bà jẹ́, èkejì á bá a ṣiṣẹ́, kò sì ní mọ̀ láé pé nǹkan kan ń ṣe òun. Ọkùnrin ní X kan ṣoṣo, ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló sì ti gbà á. Nítorí náà, ẹ wo ẹ̀yìn ìyá: ṣé ìyá náà ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ọkùnrin tó kú ní kékeré? Ṣé àwọn ọmọkùnrin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ń kú kí wọ́n tó pé ọdún kan, tí àwọn obìnrin sì ń yè? Ìbéèrè yẹn ò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ bẹ yín. Ẹ má ṣe gbọ́ pé ọ̀dọ̀ ìyá ló ti wá, kẹ́ ẹ wá sọ ọ́ di ẹ̀sùn. Ìyá David ò ṣe nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá rẹ̀ tó bí i. Ìgbà mìíràn tilẹ̀ wà tó jẹ́ pé ara ọmọ náà ni ìbàjẹ́ jíìnì yẹn ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Obìnrin tó ti sin ọmọ méjì, dókítà ló yẹ kó rí, kì í ṣe àwọn tó máa fi ṣẹ́ẹ̀kẹ́ṣẹ̀kẹ̀ dè é pé kó jẹ́wọ́.

Àwọn àmì tó yẹ kó kọ òbí lóminú rèé. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan tí òtútù àyà ń mú léraléra. Ìgbẹ́ gbuuru tí kò dá. Ẹnu tó funfun, tí oògùn ò ṣíṣẹ́ lórí ẹ̀. Ọmọ tí kò sanra mọ́, tó ń rù. Ojú abẹ́rẹ́ BCG tó di egbò ńlá tàbí tí abíyá wú. Tí dókítà bá ti yẹ HIV wò tí kò sí, kí ọ̀rọ̀ má parí síbẹ̀.

Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ ò le rárá. FBC lásán ni, ilé àyẹ̀wò tó wà ní Àkúrẹ́ àti ní Oǹdó ń ṣe é lójoojúmọ́. Nínú ìwé èsì rẹ̀, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ lymphocyte sí. Àwọn ọmọ ogun tí mò ń sọ nìyẹn. Ọmọ tuntun tí tirẹ̀ bá dín ní 2,500 nínú microlitre kan, ó yẹ kí wọ́n tún un ṣe. Ẹ kíyè sí i dáadáa o: iye tó dára fún àgbàlagbà, ó kéré jù fún ọmọ ọwọ́. Ìwé èsì lè kọ ọ́ pé kò sí wàhálà torí ìwọ̀n àgbàlagbà ni wọ́n tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó sì jẹ́ pé iná ń jó níbẹ̀. X-ray àyà náà lè sọ̀rọ̀: nínú ọmọ SCID, ẹ̀yà ara tí wọ́n ń pè ní thymus kì í hàn níbi tó yẹ kó wà.

Kì í ṣe gbogbo irú àìsàn yìí ló le tó ti David. Lọ́dún 1952, Ogden Bruton, dókítà ológun ní Amẹ́ríkà, rí ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́jọ kan tí àìsàn ń ṣe lásìkò gbogbo. Ẹ̀ka kan ṣoṣo lára àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ni kò ṣiṣẹ́. Wọ́n ń fún un ní abẹ́rẹ́ èròjà tó ṣaláìní, ara rẹ̀ sì balẹ̀. Ìmọ̀ ló gba ọmọ yẹn là, kì í ṣe ilé ike.

Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára náà ṣe pàtàkì, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣì mí gbọ́. Ẹ gba àjẹsára fún ọmọ yín. Ní Nàìjíríà, wọ́n ń fún ọmọ ní BCG àti ẹ̀kán rọpárọsẹ̀ ní kété tí wọ́n bá bí i, ó sì ń gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀lọpọ̀ là. Ṣùgbọ́n kòkòrò tí wọ́n ti sọ di aláìlágbára ló wà nínú méjèèjì, ọmọ SCID ò sì lágbára láti bá èyí tó rẹ̀ pàápàá jà. Nítorí náà, tí ọmọkùnrin kan bá ti kú ní kékeré nínú ẹbí yín láìsí àlàyé tó yanjú, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì àti dókítà kí wọ́n tó fún ọmọ tuntun ní nǹkan kan. Kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe FBC. Ọjọ́ kan tàbí méjì péré ni.

Ìpínlẹ̀ Oǹdó ò bẹ̀rẹ̀ láti òfo. Ètò Abíyè tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìfẹ́dọ̀rẹ́ lọ́dún 2009 fi hàn pé tí ìjọba bá pinnu, ìyá àti ọmọ lè yè. Lọ́dún 2010 ni wọ́n ṣí ọsibítù ìyá àti ọmọ sí Àkúrẹ́, Oǹdó náà sì ní tirẹ̀. Láti 2015, UNIMED ti wà ní Oǹdó, tó ń kọ́ àwọn dókítà. Ilé wà, èèyàn wà. Ohun tó kù ni ìkán ẹ̀jẹ̀ gìgísẹ̀ yẹn, kí wọ́n máa yẹ ẹ́ wò fún ọmọ tuntun, ó kéré tán fún ilé tí ọmọ ti ń kú. Wọ́n tiẹ̀ ti fi mùdùnmúdùn wo aláìsàn SS ní UBTH ní Benin lọ́dún 2011, Benin ò sì jìnnà sí Àkúrẹ́. Owó rẹ̀ pọ̀, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n kí a tó sọ̀rọ̀ owó, ó yẹ ká mọ orúkọ ohun tó ń pa ọmọ wa.

Ọsibítù tí wọ́n bí David sí ní Houston sọ ilé ìtọ́jú kan lórúkọ rẹ̀, àwọn ọmọ tí ara wọn ò ní ààbò ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀. Wọ́n ń wọlé, wọ́n ń jáde, àwọn òbí wọn sì ń fi ọwọ́ lásán dì wọ́n mú.

Ẹ bá wa fi ìròyìn yìí ránṣẹ́ sí aboyún kan tẹ́ ẹ mọ̀.